Bí A Ṣe Ń Ṣe Ilẹ̀kùn Ìkọ̀kọ̀ Sínú Ilé

Ohun tí ó sábà máa ń tú àṣírí ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ kì í ṣe àgádágodo tàbí ọwọ́ ilẹ̀kùn, nítorí àwọn wọ̀nyẹn rọrùn láti fi pamọ́. Ìlà ni. Ó ti mọ́ ojú ènìyàn lára láti máa rí ìlà méjì tí ó dúró gbọọrọ, tí wọ́n jìnnà sí ara wọn ní nǹkan bí 90 sẹ̀ǹtímítà, tí ìlà kẹta sì dábùú wọn lókè. Bí ó bá ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára ògiri, ó ti mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ sí ilé rẹ̀ ní Àkúrẹ́, yálà ní Ìjàpọ̀, ní Alágbàká tàbí ní ilé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ọ̀bà-Ilé, kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ṣáájú. Ibi tí ìlà ilẹ̀kùn náà yóò bọ́ sí ni kí ó kọ́kọ́ rò, kí ó sì ro ti òjò àti ti ọyẹ́ mọ́ ọn, nítorí pákó tí ó ṣí wọ̀ọ̀rọ̀wọ́ nínú oṣù Kejì ọdún lè fún mọ́ férémù pinpin nínú oṣù Keje.

Àwọn kan fẹ́ yàrá kékeré tí wọn yóò máa kó ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí, iyùn àti aṣọ òkè àwọn òbí wọn sí. Àwọn mìíràn kàn fẹ́ kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àlejò tàbí yàrá ìkẹ́rùsí má ṣe yọjú sí pálọ̀ ni, èyí sì ni ìdí tí ó bọ́gbọ́n mu jù lójú tèmi, nítorí ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ kì í ṣe séèfù. Ẹni tí ó bá ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ lè fi ọ̀pá irin wó o láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ohun tí ẹ fẹ́ tọ́jú bá níye lórí ní tòótọ́, ẹ ra àpótí irin, ẹ kàn án mọ́ kọnkéré ilẹ̀, kí ẹ wá fi ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ bo yàrá tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn ohun kan sì wà tí kò gbọdọ̀ wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ rárá. Bátìrì olómi tí a ń lò fún ínfátà a máa tú háídírójìn sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń gba iná, afẹ́fẹ́ yìí sì lè gbiná nínú yàrá tí kò ní ojú fèrèsé. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní kábọ́ọ̀nù mónósáìdì nínú, tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀, tí ó sì ń pa ènìyàn. Ẹ má ṣe kó epo bẹntiróòlù tàbí sílíńdà gáàsì síbẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ayùn, ẹ jáde síta kí ẹ sì yí ilé náà ká. Fèrèsé tí ó wà níta tí kò sí yàrá tí ó ni ín nínú ilé yóò sọ ohun tí ẹ ń fi pamọ́ fún ẹni tí ó bá lè ka fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ amúlétutù tí ó so mọ́ ògiri tí kò yẹ kí ó ní yàrá lẹ́yìn. Ẹ wọn gígùn ilé náà níta, ẹ wọn àwọn yàrá nínú, ẹ ro sísanra ògiri mọ́ ọn, kí ẹ sì wo iye tí ó kù. Yàrá tí ó jìn tó 1 mítà tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lè sọnù sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ilé ìwẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura, ṣùgbọ́n èyí tí ó tó 3 mítà yóò ṣòro láti fi pamọ́ fún ẹni tí ó bá mọ ilé kíkọ́. Nínú ilé, ẹ yan ògiri tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá a máa sọ àlàfo tí kò ju 2 mìlímítà lọ di òjìji dúdú tí gbogbo ènìyàn yóò rí.

Bí ilé bá ti wà tẹ́lẹ̀ tí ẹ sì fẹ́ dá ojú ọ̀nà sí ògiri, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ògiri tí ó jẹ́. Ògiri búlọ́ọ̀kù onínṣì 9 tí ó gbé kọnkéré òkè kò ṣeé lu láìsí líntẹ́ẹ̀lì tí yóò gbé ẹrù náà, líntẹ́ẹ̀lì ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ wọ inú ògiri ní ìhà méjèèjì, ó kéré tán 20 sẹ̀ǹtímítà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ilé alámọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, irú èyí tí ó ṣì pọ̀ ní àárín ìlú Òǹdó àti ní àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Àkúrẹ́, burú jù bẹ́ẹ̀: ògiri wọn lè dúró fún ọgọ́rin ọdún bí a kò bá fọwọ́ kàn án, kí ó sì ya lọ́jọ́ tí a bá gbẹ́ ihò sí i. Ẹ pe ẹ́ńjínnìà tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹ́ńjínnìà ní Nàìjíríà, kí ẹ tó pe bíríkìlà. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilé rí àǹfààní níbí, nítorí ó lè fi ojú ọ̀nà náà sínú pùláànù láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ìjọba sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìyókù.

Àwọn irú tí kò le

Ilẹ̀kùn tí a fi dígí gígùn bò ni ó rọrùn jù. Dígí tí ó ga tó 2 mítà lára ògiri yàrá ìmúra kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ó sì ní ìlà tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò sí ìlà tuntun tí a ní láti fi pamọ́. Ẹ ṣáà rántí pé dígí tí ó nípọn tó 4 mìlímítà wúwo ní kìlógíráàmù 10 fún mítà kan níbùú lóròó, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ púláíwúùdù látòkè délẹ̀ dípò kí ẹ fi ìṣó mẹ́rin gbé e kọ́. Ẹ̀yìn wọ́dúróòbù náà rọrùn: a ó yọ pákó ẹ̀yìn rẹ̀, a ó sì fi ilẹ̀kùn tí ń rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí ipò rẹ̀, aṣọ tí a gbé kọ́ yóò sì ṣe ìyókù. Ní ti abẹ́ àtẹ̀gùn, gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé àyè wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọn yóò kọ́kọ́ wò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú àwọn irú yìí ni ògiri tí a fi pákó bò láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, tí ilẹ̀kùn sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn pákó náà. Ní báyìí tí àwọn ènìyàn ń fi pákó onílà-ìlà ṣe ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, kò sí àlejò tí yóò fura sí i. Ìlànà rẹ̀ ni pé a kì í gbìyànjú láti pa ìlà ilẹ̀kùn rẹ́. Ńṣe ni a ń sọ ọ́ di ọ̀kan láàárín ọ̀pọ̀. Bí ògiri náà bá gùn ní 3.6 mítà, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, 90 sẹ̀ǹtímítà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi àlàfo kan náà, 3 mìlímítà, sáàárín gbogbo wọn, láti ilẹ̀ dé sílíìnì. Ẹ̀kẹta wọn ni kí ó jẹ́ ilẹ̀kùn. Ìlà tí ó dábùú lókè ilẹ̀kùn ni ó ṣòro, nítorí òun nìkan ni kò ní ẹnìkejì. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà bọ́ nínú rẹ̀. A lè jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà ga dé sílíìnì pátápátá, tàbí kí a fa ìlà kan náà gba gbogbo pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá ní ibi gíga kan náà. Bí pákó náà bá jẹ́ onílà-ìlà tí àárín rẹ̀ dúdú, ẹ jẹ́ kí àlàfo ilẹ̀kùn bọ́ sínú ọ̀kan nínú àwọn àárín dúdú náà, kí ẹ sì kun inú àlàfo náà ní dúdú.

Igi

Ìpínlẹ̀ Òǹdó kì í ṣe ibi tí a ti ń wá igi tì. Ìrókò, apá, ọ̀gánwó, ìdígbó, àfárá, arère, ọmọ, tíìkì àti mẹ̀láínà ni ẹ ó bá pàdé ní ọjà pákó, iye wọn sì yàtọ̀ síra gan-an. Fún férémù, mo fara mọ́ apá tàbí tíìkì ju ohunkóhun lọ, nítorí àwọn méjèèjì kì í sábà wú tàbí sún kì bí omi afẹ́fẹ́ bá yí padà, ìkán kì í sì í tètè jẹ wọ́n. Ìrókò náà dára, ó kàn wọ́n ni. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n kòkòrò àti ìkán fẹ́ràn rẹ̀; ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín fún férémù. Ní ti àfárá, bí ẹ bá rí àbàwọ́n aláwọ̀ búlúù lára rẹ̀, ó ti pẹ́ nínú ọ̀rinrin kí wọ́n tó là á.

Igi kì í gùn sí i tàbí kúrú bí ojú ọjọ́ bá yí padà. Ìbú rẹ̀ ni ó ń fẹ̀ tí ó sì ń sún kì. Èyí ni ìdí tí ara ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ kò fi gbọdọ̀ jẹ́ pákó gidi tí a lẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn. Púláíwúùdù ni kí ẹ lò, onísisanra 18 mìlímítà, nítorí àwọn ìpele rẹ̀ dábùú ara wọn, ìpele kan sì ń di èkejì lọ́wọ́. Ṣíìtì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8, ó sì tó fún ojú ilẹ̀kùn kan. HDF, ìyẹn pákó tí a fi okùn igi lílọ̀ tẹ̀ pọ̀, dán lójú, ó sì gba ọ̀dà dáadáa, àmọ́ bí omi ìnulẹ̀ bá wọ ìdí rẹ̀, yóò wú, kò sì ní padà sí bí ó ti wà mọ́. Ẹ kun oògùn ìkán sí gbogbo ojú igi, pàápàá jù lọ orí tí a gé, kí ẹ tó kan ohunkóhun mọ́ ògiri.

Pákó tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là kò gbọdọ̀ wọ iṣẹ́ yìí. Àwọn káfíńtà a máa sọ pé pákó onínṣì kan nílò nǹkan bí ọdún kan lábẹ́ òrùlé kí ó tó gbẹ, ó sì súnmọ́ òtítọ́. Bí ẹ kò bá mọ iye ìgbà tí wọ́n ti là á, ẹ gé ẹyọ kan tí ó gùn ní 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì dúró títí ìwọ̀n rẹ̀ yóò fi yé dínkù.

Kọ́bọ́ọ̀dù ìwé tí ń yí

Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n bá dárúkọ ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀, òun náà ni ó sì máa ń bàjẹ́ jù. Ní Amsterdam, kọ́bọ́ọ̀dù kan tí Johan Voskuijl kàn ní ọdún 1942 ni ó bo ẹnu ọ̀nà ibi tí Anne Frank, ọmọbìnrin Júù kan, àti ìdílé rẹ̀ fara pamọ́ sí fún ìjọba Násì títí di oṣù Kẹjọ ọdún 1944, ó sì ṣì wà nínú ilé náà títí di òní. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ ni ilé náà, fáìlì ilé iṣẹ́ ni wọ́n sì kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀hún. Ó bá ibi tí ó wà mu. Bí kò bá sí ẹni tí ń kàwé nínú ilé yín, kọ́bọ́ọ̀dù ìwé ńlá kan ṣoṣo ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò pe àfiyèsí sí ara rẹ̀. Ẹ fi ṣe pẹpẹ ìkòkò, ti àwo tàbí ti fọ́tò dípò bẹ́ẹ̀.

Ìwúwo ni ìṣòro àkọ́kọ́. Mítà kan pẹpẹ tí ìwé kún lè wúwo tó kìlógíráàmù 30. Kọ́bọ́ọ̀dù tí ó fẹ̀ ní 80 sẹ̀ǹtímítà tí ó sì ní pẹpẹ márùn-ún ní mítà 4 pẹpẹ, èyí tí í ṣe kìlógíráàmù 120 ìwé. Ẹ ro pákó náà mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé a ń sọ̀rọ̀ ohun tí ó lè tó kìlógíráàmù 160. Hínjì kékeré tí a ń lò fún ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná kò lè gbé e. Hínjì onínṣì 4 tí a ń lò fún ilẹ̀kùn yàrá lè gbé e fún ìgbà díẹ̀, kí sukúrù òkè tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀, kí igun ilẹ̀kùn sì máa fa ilẹ̀.

Ohun tí ó yẹ ni ìyípo tí ó wà lókè àti nísàlẹ̀, tí ti ìsàlẹ̀ gbé gbogbo ẹrù lé ilẹ̀, tí ti òkè kàn ń jẹ́ kí ó dúró ṣánṣán. Kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Àwọn ilẹ̀kùn tí a ń gbẹ́ fún ààfin láyé àtijọ́ kò ní hínjì: ṣóńṣó igi ni a ń fi sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan pákó náà, tí yóò wọ inú ihò, tí ilẹ̀kùn yóò sì máa yí lórí rẹ̀. Lóde òní, a ń ta irin ìyípo tí ó ti di mímúra sílẹ̀, ṣùgbọ́n wẹ́dà tí ó mọ iṣẹ́ ní Àkúrẹ́ lè ṣe èyí tí ó lágbára jù ú lọ láti ara ọ̀pá irin oníwọ̀n 25 mìlímítà àti bẹ́árìn ọkọ̀. Ẹ béèrè bẹ́árìn onírólà tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tí ìdí rẹ̀ sì kéré, irú èyí tí ó máa ń wà nínú táyà iwájú ọkọ̀, nítorí ó lè gba ẹrù tí ó tẹ̀ ẹ́ láti òkè; bẹ́árìn olóbìrípo lásán, ẹrù tí ó ti ẹ̀gbẹ́ wá ni a dìídì ṣe é fún.

Ìṣòro kejì ni yíyí fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn káfíńtà tí kò ṣe é rí ti máa ń kọsẹ̀. Ilẹ̀kùn lásán kò nípọn, nítorí náà àlàfo díẹ̀ tó o. Kọ́bọ́ọ̀dù jìn, igun rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn sì jìnnà sí ìyípo ju igun iwájú lọ. Bí ó bá ń ṣí bọ̀, igun ẹ̀yìn yẹn yóò gún férémù. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ báyìí: ẹ fi ìbú kọ́bọ́ọ̀dù náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi jíjìn rẹ̀ náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ ìṣírò orí fóònù wá gbòǹgbò rẹ̀. Fún kọ́bọ́ọ̀dù tí ó fẹ̀ ní 80 sẹ̀ǹtímítà tí ó sì jìn ní 25, èsì rẹ̀ jẹ́ 83.8, èyí já sí pé àlàfo tí ó súnmọ́ 4 sẹ̀ǹtímítà gbọ́dọ̀ wà ní ìhà tí ó ń ṣí. Bí ó bá jìn ní 30, àlàfo náà di 5.4. Ṣùgbọ́n bí ó bá jìn ní 18 péré, 2 sẹ̀ǹtímítà tó. Ìwé tí ó tóbi ní A5 kò fẹ̀ ju 14.8 sẹ̀ǹtímítà lọ, nítorí náà 18 tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tí ẹ ní, kò sì sí ìdí láti kan kọ́bọ́ọ̀dù jíjìn kí ẹ sì máa wá ibi tí ẹ ó fi àlàfo rẹ̀ sí.

Ìṣirò yìí dúró lórí pé ìyípo wà ní igun tí ó kọjú sí ìhà tí kọ́bọ́ọ̀dù ń ṣí sí. Bí wẹ́dà bá gbé e wọ inú díẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò yí padà. Kí ẹ má bàa gbẹ́kẹ̀ lé ìṣirò nìkan, ẹ gé páálí ní ìwọ̀n ìdá mẹ́wàá kọ́bọ́ọ̀dù náà, ẹ ya ògiri sórí ìwé, ẹ fi píìnì gún páálí náà ní ibi tí ìyípo yóò wà, kí ẹ sì máa yí i. Ibi tí páálí bá ti kọjá ìlà ògiri ni pákó yóò ti gún un.

Àlàfo 2 sẹ̀ǹtímítà náà ni a ó fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó fẹ̀ ní 4 sẹ̀ǹtímítà bò. Bí kọ́bọ́ọ̀dù bá ń ṣí sí pálọ̀, ara kọ́bọ́ọ̀dù ni a ó kan pákó ìbojú náà mọ́. Bí ó bá ń ṣí sínú yàrá ìkọ̀kọ̀, ara férémù ni. Èyí tí ó ń ṣí sínú ni ó fara pamọ́ jù, nítorí gbogbo ìbojú rẹ̀ dúró sójú kan. Síbẹ̀ n kò gbà á nímọ̀ràn fún yàrá kékeré: bí ènìyàn bá dákú sẹ́yìn rẹ̀ tàbí tí ẹrù wó lù ú, kò ní ṣeé tì sínú mọ́.

Ẹ kó ìwé tí ó wúwo sí pẹpẹ ìsàlẹ̀ àti sí ìhà ìyípo, kí ẹ sì fi èyí tí ó fúyẹ́ sí ìhà tí ó ń ṣí. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ga ní 1 sẹ̀ǹtímítà ní iwájú pẹpẹ kọ̀ọ̀kan kò ní jẹ́ kí ìwé yọ bí ilẹ̀kùn bá dúró lójijì. Àwọn kan a máa fi ẹsẹ̀ oníkẹ̀kẹ́ sí abẹ́ ìhà tí ó ń ṣí láti ràn án lọ́wọ́. Kò wù mí. Kẹ̀kẹ́ náà yóò fa ìlà bí ọrun sí ojú táìlì kí ọdún tó yí po, ìlà yẹn sì ni ẹni tí ó bá wo ilẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí.

Ohun tí ń dì í mú àti ohun tí ń ṣí i

Fún ògiri onípákó tí kò wúwo, òòfà méjì àti ìdímú tí a ń tẹ̀ kí ó tó ṣí ti tó. Ẹ tẹ ojú pákó wọlé díẹ̀, yóò sì ta padà síta. Àmọ́ ọwọ́ yóò máa kan ibi kan náà lójoojúmọ́, ẹrẹ̀ ọwọ́ yóò sì hàn lára ọ̀dà funfun, nítorí náà àwọ̀ tí ó dúdú díẹ̀ ni ó yẹ irú ògiri yẹn.

Kọ́bọ́ọ̀dù ìwé nílò bóòtì gidi, ìyẹn irin tí ń yọ wọ inú férémù láti ti ilẹ̀kùn. Ọ̀nà tí kò náni lówó púpọ̀ ni wáyà bíréèkì ọ̀kadà, pẹ̀lú ike tí ó wà lára rẹ̀. Ẹ mú ìwé aláwọ líle kan tí kò wúlò mọ́, ẹ fi hínjì kékeré kan ìdí rẹ̀ mọ́ pẹpẹ, ẹ so wáyà náà mọ́ orí rẹ̀, kí ẹ sì fà á gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù lọ síbi bóòtì onísípíríìngì. Bí a bá fa orí ìwé náà síwájú, wáyà yóò fa bóòtì wọlé. Ẹ má ṣe gbé e sí àárín gbùngbùn pẹpẹ tí ó bá ojú dọ́gba, ibẹ̀ ni àlejò ti máa ń yọ ìwé wò. Pẹpẹ kejì láti ìsàlẹ̀ dára, ní ìhà tí ó ń ṣí.

Lára ẹ̀yìn, nínú yàrá ìkọ̀kọ̀, kò gbọdọ̀ sí ìkọ̀kọ̀ kankan. Ẹ fi ọwọ́ ilẹ̀kùn lásán tí ọmọdé lè fà síbẹ̀, kí ó máa fa bóòtì kan náà láìgba ara wáyà òde kọjá, kí ó má sì ṣe nílò kọ́kọ́rọ́ láéláé. Ẹ kùn ún ní àwọ̀ tí ó hàn nínú òkùnkùn. Àwọn tí wọ́n fẹ́ lo àgádágodo oníná gbọ́dọ̀ mọ irú méjì tí ó wà: èyí tí òòfà rẹ̀ ń di ilẹ̀kùn mú nígbà tí iná bá wà, tí yóò sì tú u sílẹ̀ bí BEDC, ilé iṣẹ́ tí ń pín iná, bá mú iná lọ, àti èyí tí ó ń wà ní títì bí iná bá lọ. Èkínní yóò ṣí àṣírí yín sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí kò bá sí iná, èkejì sì lè há ènìyàn mọ́. Bí ẹ bá ta kú pé oníná ni ẹ fẹ́, ẹ mú èkínní, ẹ fún un ní bátìrì tirẹ̀, kí ẹ sì tún fi ọwọ́ ilẹ̀kùn lásán sí inú. Ó kéré tán, kí ẹni méjì nínú ìdílé mọ bí a ṣe ń ṣí i láti òde. Onílé tí ó bá dá nìkan mọ̀ ọ́n lè kú kí àwọn ọmọ rẹ̀ má sì rí ìwé ilẹ̀ títí láé.

Gbígbé e sí ipò

Ẹ wọn ìbú ojú ọ̀nà lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí ẹ wọn gíga rẹ̀ lápá méjèèjì, kí ẹ sì wọn án láti igun dé igun. Bí ìwọ̀n igun méjèèjì bá yàtọ̀ síra, ojú ọ̀nà náà wọ́, férémù ni ó sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe: ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ há ẹ̀yìn férémù títí tí yóò fi dúró ṣánṣán, kí ẹ tó fi bóòtì dè é mọ́ búlọ́ọ̀kù.

Irin ìyípo ìsàlẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ dè. Kọnkéré ni kí ó jókòó lé, kì í ṣe táìlì, nítorí àyè òfìfo máa ń wà lábẹ́ táìlì tí yóò sì fọ́ lábẹ́ ìwúwo bẹ́ẹ̀. Ẹ gé táìlì náà ní ìwọ̀n irin, kí ẹ sì fi róòbọ́ọ̀tì mẹ́rin, ìyẹn bóòtì tí ń fẹ̀ nínú kọnkéré, oníwọ̀n 10 mìlímítà mú un. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ju okùn ìwọ̀n láti òkè sí àárín bẹ́árìn, kí ẹ sàmì sí ibi tí okùn ti kan férémù òkè. Ibẹ̀ gan-an ni ìyípo òkè yóò wà. Bí ìyàtọ̀ mìlímítà 2 bá wà láàárín méjèèjì, ilẹ̀kùn náà yóò máa dá yí fúnra rẹ̀. Ọ̀pá òkè gbọ́dọ̀ ṣeé fà jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní sí bí a ṣe máa yọ kọ́bọ́ọ̀dù náà lọ́jọ́ tí ó bá nílò àtúnṣe.

Ẹ gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà sí ipò ní òfìfo, kí ẹ sì ṣí i, kí ẹ tì í, títí tí kò fi ní kan ibì kankan. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ kó ìwé sí i, pẹpẹ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa wọn àlàfo ìsàlẹ̀ lẹ́yìn pẹpẹ kọ̀ọ̀kan. Bí ìhà tí ó ń ṣí bá lọ sílẹ̀ ju mìlímítà 2 lọ nígbà tí ó kún, igun kọ́bọ́ọ̀dù ni kò le tó. Ẹ fi gọ́ọ̀mù igi àti sukúrù kan púláíwúùdù mìíràn mọ́ gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pákó ẹ̀yìn ni kì í jẹ́ kí onígun mẹ́rin wọ́. Ìka ọwọ́ ọmọdé kò lè gba kìlógíráàmù 160, nítorí náà ẹ fi rọ́bà ìdádúró sí ibi tí ilẹ̀kùn bá férémù pàdé.

Ilẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀dà

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn bọ́ sórí ìlà tí ó wà láàárín táìlì méjì, kí àlàfo tí ó wà nísàlẹ̀ má bàa hàn bí ohun tí ó dá yàtọ̀. Táìlì ìdí ògiri tí ó ga ní 10 sẹ̀ǹtímítà, tí ó wà ní ọ̀pọ̀ ilé wa, gbọ́dọ̀ kọjá lára ilẹ̀kùn náà, kí a sì gé e ní ibi tí ilẹ̀kùn ti gé. Ilẹ̀kùn tí ìdí rẹ̀ kò ní táìlì láàárín ògiri tí ó ní i ti tú ara rẹ̀ fó. Fún kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ kan irú rẹ̀ tí kì í yí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí ojú má bàa dúró lórí ọ̀kan ṣoṣo.

Lálẹ́, ẹ tan iná yàrá ìkọ̀kọ̀, ẹ pa ti pálọ̀, kí ẹ sì jókòó sínú òkùnkùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ ni kí ẹ lẹ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́. Ẹ má ṣe dí gbogbo rẹ̀ pa, yàrá tí kò ní fèrèsé nílò afẹ́fẹ́. Ihò afẹ́fẹ́ kan nítòsí ilẹ̀ àti ọ̀kan nítòsí sílíìnì, tí wọ́n kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, kò ní jẹ́ kí èbu wọ ìwé àti aṣọ nígbà òjò. Ọ̀dà tí kò dán ni kí ẹ kùn, nítorí èyí tí ń dán a máa fi gbogbo gọ́ńgọ́ hàn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ nígbà tí akunlé bá ń ṣiṣẹ́, kí ó kun etí rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ má sì tì í títí ọ̀dà yóò fi gbẹ dénú.

Ẹ má ṣe kó gbogbo iṣẹ́ náà parí nínú ọyẹ́ kí ẹ sì rò pé ó ti tán. Ẹ fi pépà tí ó nípọn wọ inú àlàfo rẹ̀ yíká nígbà tí òjò bá pọ̀ jù, láàárín oṣù Kẹfà sí Ìkẹsàn-án, kí ẹ sàmì sí ibi tí kò bá ti wọ̀, kí ẹ sì fi sáńpépà fá ibẹ̀ nìkan lẹ́yìn tí òjò bá ti dá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kí ẹ fi gíríìsì sí bẹ́árìn ìsàlẹ̀, kí ẹ sì yẹ nọ́ọ̀tì ìyípo òkè wò bóyá ó ti tú.